Fìlà Funfun Inú Yàrá Dúdú

Ẹni tó bá ń ta òróró fìtílà ní ìlú Leiden, gbogbo ilé ló máa ń wọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì máa ń gbọ́. Èmi Hadewij, ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń gbé kólòbó òróró kiri, n kò sì ní purọ́, bí mo ṣe ń ta òróró ni mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ènì. Bóyá ìdí nìyẹn tí oníbàárà mi fi pọ̀. Mo tètè sọ èyí kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, torí nínú ọ̀rọ̀ Machtelt tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu tèmi náà wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Aládùúgbò mi ni Machtelt. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Obìnrin gíga ni, eegun pọ̀ lára rẹ̀ ju ẹran lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì le bíi ti alágbẹ̀dẹ, torí ìdí ọlọ ló ti ń jẹun. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gá Arnout, jẹ́ ayàwòrán. Machtelt ló ń lọ àwọ̀ fún un. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọmọ ọlọ lórí ọlọ, òórùn òróró ọ̀gbọ̀ tó fi ń po àwọ̀ á sì gba orí ògiri wọlé tọ̀ mí wá. Kò sí àwọ̀ tí obìnrin yẹn kò mọ̀. Ó lè di ojú, kó fi ìka méjì pa àwọ̀ kan, kó sọ fún ẹ pé ẹfun òjé nìyí, amọ̀ pupa rúsúrúsú nìyí, èyí kúnná, èyí ò tíì kúnná. Ṣùgbọ́n kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí, àfi tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Ohun tí gbogbo wa rò nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, ẹja àti èso ni Arnout máa ń yà, àti ojú àwọn bàbá arúgbó. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù bí ọdún méjì kó kú, ohun tí àwọn olówó ìlú wa ń wá ni àwòrán yàrá tó ṣókùnkùn, fìtílà kan lórí tábìlì, ènìyàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà. Arnout náà ní òun á kọ́ ọ. Ó kan yàrá pákó kékeré kan sáàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò fẹ̀ ju ibi tí àga àti tábìlì lè gbà lọ, ó fi aṣọ dúdú bo gbogbo rẹ̀ nínú, ó sì lu ihò kan bí ẹyin adìẹ sára pákó náà. Machtelt á wọlé jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń rán, wọ́n á tan fìtílà fún un, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Arnout á dúró síta níbi ojú fèrèsé, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, á fi ojú kan wo ihò, á sì máa kùn. Ọ̀sán gangan ni o! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé òróró wá fún wọn tí mo rí i, mo ní orí ọkùnrin yìí ti dàrú.

Ibi fìlà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná mi.

“Machtelt, èwo lo lọ sínú ìkarahun àwọ̀ kejì yẹn? Ṣé amọ̀ rúsúrúsú ni?”

“Amọ̀ ni. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Fìlà rẹ ni mo fẹ́ kùn.”

“Fìlà mi? Fìlà ọ̀gbọ̀ mi? Funfun ni o! Àná ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́!”

“Kì í ṣe funfun níbi tí mo wà.”

“Èmi ni mo dé e, ẹ̀yin lẹ wá mọ àwọ̀ rẹ̀!”

Báyìí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, ọkọ lóde, aya nínú àpótí, bí ẹni pé orí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti ń dàrú, kò sì sẹ́ni tó mọ tẹni tó ń dàrú. Títí ó fi di ọjọ́ kan tí Machtelt bá mi lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Hadewij, ẹ̀rù ń bà mí. Ojú Arnout ti ń lọ. Ó ń pe funfun ní pupa rúsúrúsú. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Èmi kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ sọ fún?”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé mọ́kànlá ni mo ti sọ ọ́ fún. N kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, àánú rẹ̀ ló ṣe mí, mo sì ń mi orí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí ọlọ́tí tó ti ní òun máa ra àwòrán náà wá wò ó nínú oṣù kẹsàn-án, gbogbo ìlú ló ti mọ̀ pé ọkùnrin tí ojú ń dùn ló yà á. Ọlọ́tí wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Fìlà orí obìnrin inú àwòrán náà funfun báláú, ó yọ sí ìta gbangba bí ìgbà tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ògiri. Ó ní fìtílà wo ló ń tan irú ìmọ́lẹ̀ yìí? Ó lọ, kò sì padà wá. Arnout náà kò mú búrọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó jókòó sídìí iná, ó ní ojú òun ti lọ. Nínú òtútù oṣù kejì, ikọ́ mú un, ó sì kú. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àgbààgbà mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán wá kí opó. Bàbá Huybert ni olórí wọn, bàbá kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ẹni ń fọ́ igi. Ó sọ òfin ẹgbẹ́ fún un. Opó ayàwòrán lè máa bá ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lọ, bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí iṣẹ́ tí ọkọ fi sílẹ̀, tí àwọn sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ọjọ́ Lúùkù Mímọ́, nínú oṣù kẹwàá, ni àwọn máa wá wò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á já pátákó ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á sì gbé ọlọ lọ fún ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́.

Iṣẹ́ tí Arnout fi sílẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: àwòrán Machtelt lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà. Kò tíì ya ọwọ́ rẹ̀, kò tíì ya aṣọ tó ń rán, apá kan ògiri sì ṣófo.

“Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù yìí,” Machtelt sọ fún mi, “ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Zwolle ni mo ń lọ. Ṣé o mọ ìyàwó rẹ̀? Tó bá gé wàràkàṣì fún mi, ó máa ń fẹ́lẹ́ débi pé mo lè rí ọ̀nà Amsterdam láti ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi.”

“Kì í ṣe ibi tí mo máa sùn ni mò ń sọ. Ọlọ mi ni mò ń sọ. Ogún ọdún! Bí wọ́n bá gbé e lọ, kí ni kí n máa fi ọwọ́ méjèèjì yìí ṣe?”

Ó bẹ̀ mí pé kí n wá jókòó fún òun nínú yàrá dúdú, torí kò lè jókòó kó tún máa ya ara rẹ̀. Mo ní kí ni n óò máa jẹ. Ó ní wàrà kíkan àti búrẹ́dì. Mo ní ó dáa, torí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ju wàrà lọ.

Inú oṣù karùn-ún ni a bẹ̀rẹ̀. Mo dé fìlà Machtelt, mo jókòó sórí àga Machtelt, mo gbé aṣọ tí Machtelt ń rán sórí itan. Ẹ ò lè mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe rí. Fìtílà níwájú, aṣọ dúdú lẹ́yìn, òróró tèmi fúnra mi ń rùn sí mi nímú. Machtelt kò gba ti ihò Arnout rárá. Ó ní kí ni ènìyàn ń fi ojú kan yọjú wo ẹlòmíràn fún bí olè? Ó gbé pákó àti àwọ̀ rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, ó sì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà kan náà, orúnkún wa ń gbá ara wọn. Nígbà tó yá, ó ní kí n wò ó. Ẹ̀rù bà mí, ó dára! Fìlà wà níbẹ̀, ojú mi wà níbẹ̀, yẹ̀rì mi sì jọ yẹ̀rì. A dì mọ́ ara wa nínú àpótí yẹn.

A gbé e jáde síbi fèrèsé.

“Yéè!” ni Machtelt ké.

Ojú mi dà bí ojú òkú tí wọ́n gbàgbé láti sin. Fìlà mi ní àbàwọ́n rúsúrúsú káàkiri bí ẹni pé mo fi gbé ọbẹ̀. Yẹ̀rì mi tó jẹ́ àwọ̀ aró ti di ohun kan tí kò lórúkọ.

“Ta ló pààrọ̀ rẹ̀?” Machtelt wo ẹ̀yìn pákó.

“Àwa méjì náà la gbé e jáde!”

A gbé e padà wọlé: ó dára. A gbé e jáde: ó burú. Ìgbà márùn-ún la ṣe bẹ́ẹ̀, inú, ìta, inú, ìta, bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú dé ibi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara mi nínú oòrùn, bóyá òun náà ti yípadà. Machtelt jókòó, ó ń fọwọ́ pa àwọ̀ tó wà lórí pákó. Ó ní, “Mo mọ ẹfun yìí. Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Kí ló wá ń ṣe mí báyìí?”

Ó wá gbà láti dúró síta bíi ti ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò sọ òótọ́: kò wò mí. Ó máa ń fi ojú kan ihò ní ẹ̀ẹ̀kan péré bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, á sì yí padà síbi àwọ̀. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta.

“Fìlà. Funfun. Ẹfun òjé.”

“Funfun ni o!” Èmi náà á ṣí i lórí, màá gbé e sítòsí fìtílà wò dáadáa. “Funfun báláú!”

“Ṣé o rí i? Arnout ì bá gbọ́.”

Oṣù kẹfà lọ, oṣù keje lọ, oṣù kẹjọ lọ. Pákó kéékèèké mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọwọ́, kò tíì fọwọ́ kan àwòrán ńlá tí Arnout fi sílẹ̀. Lára mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, fìlà máa ń yọ síta bákan náà bí bébà lára ògiri. Ó fi dúdú yí i ká, ó tún yọ. Ó fi eérú sí i, ó dà bí fìlà ẹlẹ́gbin, síbẹ̀ kò wọ inú yàrá. Machtelt ò jẹun dáadáa mọ́. Ó bá mi jà nítorí pé mo mira. Mo bá a jà nítorí pé mo rù. Òru rẹ̀ kò yé mi, ọ̀sán rẹ̀ kò yé mi, ọjọ́ Lúùkù sì ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Leiden. Ṣàwá àti búrẹ́dì funfun ni gbogbo ìlú ń jẹ, wọ́n ń rántí ọjọ́ tí àwọn ọ̀tá tó dó ti ìlú wa kó lọ tí ebi sì parí. Èmi nìkan ni mo wà nínú àpótí. Ṣàwá mi wà nínú àwo lórí tábìlì níta, mo ń gbóòórùn rẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti kú. Inú bí mi. Mo fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ṣí.

“Ó tó! Ìwọ wọlé, kí n na ẹsẹ̀. Àwòrán ta ni? Ìwọ kọ́ ló yẹ kó jókòó síbẹ̀?”

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó wọlé, ó dé fìlà rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Oòrùn ń ràn dáadáa lójú fèrèsé, aṣọ funfun tí a fi bo búrẹ́dì wà níwájú mi. Mo ń jẹ ṣàwá lọ, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi ojú kan wo ihò náà, láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Mo gbé ṣàwá sílẹ̀.

“Machtelt, kí lo fi kun fìlà rẹ?”

“Kí ni mo fi kùn ún bí?”

“Ó ti di pupa rúsúrúsú. Ó dà bí pupa ẹyin!”

“Má bá mi ṣeré, Hadewij.” Mo rí i tó ṣí i lórí, tó gbé e sítòsí fìtílà gan-an bí èmi náà ṣe máa ń ṣe. “Funfun ni!”

“Pupa rúsúrúsú ni!”

“Funfun ni mo ní! Ọwọ́ mi ló wà! Ojú tìẹ náà ti ń…”

Kò parí rẹ̀. Mo gbọ́ tí òwú fìtílà ń ta pàrà pàrà.

Ó jáde, ó rọra jáde bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín. Ó ní kí n wọlé. Mo wọlé. Ó mú aṣọ búrẹ́dì, ó fi í kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ní ìta, nínú oòrùn, kó lè máa wò ó, kó sì máa wò mí. Kò wo ihò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ó ti lọ.

“Ṣí i lórí,” ó sọ. Mo ṣí i. “Dé e.” Mo dé e. “Àwọ̀ wo ni?”

“Funfun. Níbi tí mo wà, funfun ni, Machtelt. Mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà níta…”

“Mo mọ̀.”

Nígbà tí mo jáde, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti yàrá dúdú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó rú wa lójú láti oṣù karùn-ún wá yé wa, kò sì dùn mọ́ wa. Ẹni tó bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ fìtílà, ojú rẹ̀ á gba fìtílà láyè, á máa rí funfun ní funfun. Ẹni tó wà nínú oòrùn ló ń rí i bó ṣe rí. Inú ni Machtelt wà ní gbogbo ìgbà tó ń bá Arnout jà. Ìta ni Arnout wà.

“Ó dáa bó ṣe yé ẹ,” mo ní. “Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì wà.”

“Èmi ni mo kun fìlà yẹn funfun,” Machtelt sọ.

N kò gbọ́ ọ yé. Mo ní fìlà wo.

“Ti inú àwòrán ńlá. Ṣé o rántí ìgbà tó lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Delft? Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò. Ọlọ́tí ń bọ̀ wá wo àwòrán. Mo ní tí ọlọ́tí bá rí fìlà rúsúrúsú yẹn, wọ́n á fi ọkọ mi ṣẹ̀sín káàkiri ìlú. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo fi ẹfun òjé bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, ‘Machtelt, ṣé funfun ni mo fi kun fìlà yìí?’ Mo ní, ‘Ẹ̀yin náà ni. Ṣé mi ò ti ń sọ fún yín pé funfun ni?’ Ó ní òun lè búra pé rúsúrúsú ni òun kùn. Mo ní rárá o, funfun ni. Ó wò ó títí, Hadewij. Ó wá ní, ‘Ó dáa. Òótọ́ lo sọ nígbà náà. Ojú mi ti lọ.’” Ó fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ méjèèjì bo ojú. “Ojú rẹ̀ ò lọ. Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di afọ́jú.”

Ilé mọ́kànlá ni mo ń kà lọ́kàn mi, láti orí afárá dé ọjà ẹja. A sunkún lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì, lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ṣàwá nínú àwo. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé, Machtelt ti dìde, ó bọ́jú, ó gbé àwòrán ńlá sórí igi tí Arnout máa ń gbé àwòrán lé, ó sì ń pọ́n ọ̀bẹ kékeré kan.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ha ẹfun náà kúrò. Ìkánjú ọjọ́ tó fi kùn ún ló gbà á sílẹ̀, torí ó ti fi òróró púpọ̀ pò ó, kò sì gbẹ le tó ti Arnout tó wà nísàlẹ̀. Ó ń ha á bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja tí kò ju ìka lọ, á ha díẹ̀, á fi òwú nu díẹ̀, á mí. Fìlà Arnout ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀. Rúsúrúsú níbi tó kọjú sí fìtílà, pupa bí ẹyin iná létí, ó sì rọra ń wọ inú òkùnkùn lẹ́yìn. Nígbà tó yọ tán, fìtílà inú àwòrán náà wá dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Mo fẹ́ na ọwọ́ sí i láti yá iná.

Ọjọ́ tó kù, ó fi kun ọwọ́, aṣọ àti ògiri. Ó ń wo ihò báyìí, ó ń wò ó gan-an. Ògiri gbọ́ràn sí i lẹ́nu, aṣọ gbọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbọ́. Oṣù márùn-ún kò tó láti kọ́ ọwọ́.

Àwọn àgbààgbà dé lọ́jọ́ Lúùkù lẹ́yìn ìwàásù. Mo wà níbẹ̀, mo ní mo wá bu òróró sí fìtílà. Bàbá Huybert gbé ojú sún mọ́ àwòrán náà, ó gbé e jìnnà, ó ní kí wọ́n gbé e síbi fèrèsé.

“Ọwọ́ yìí,” ó ní, “kárọ́ọ̀tì ni àbí kí ni?”

“Ọwọ́ ni, bàbá,” Machtelt dáhùn.

“Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Ògiri ò burú. Ṣùgbọ́n fìlà yìí!” Ó yí ojú sí àwọn méjì yòókù. “Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Nígbà tí Arnout fi èyí sílẹ̀, fìlà yìí funfun ni. Gbogbo wa la rí i, ká má purọ́, gbogbo wa la sì fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kun èyí mọ fìtílà ju èmi lọ, mo sì ti fi ogójì ọdún yàwòrán. Opó Arnout, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ṣe fìlà yìí, a lè forí ji kárọ́ọ̀tì. Kárọ́ọ̀tì ṣeé kọ́. Ṣọ́ọ̀bù á wà ní ṣíṣí.”

Ọkàn mi fò sókè. Kò pọn dandan kó purọ́ pàápàá. Kó ṣáà dákẹ́, kó tẹríba, ó parí. Mo rí i tó ń wo ọlọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo já a léèékánná lápá, n kò fẹ́ kó wí nǹkan kan.

“Kì í ṣe èmi,” Machtelt sọ.

“Kí lẹ wí?”

“Kì í ṣe èmi ni mo kun fìlà. Arnout ni. Funfun tí ẹ fi rẹ́rìn-ín yẹn ni tèmi.” Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó nà ró, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n: Delft, ẹfun òjé, ohun tí Arnout bi í àti ohun tó fi dá a lóhùn. “Ojú ọkọ mi dá ṣáká títí ó fi kú. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Bàbá Huybert wò ó. “Ohun tó jẹ́ tiyín nínú àwòrán yìí wá ni ọwọ́.”

“Ọwọ́, aṣọ àti ògiri.”

“Ọwọ́ yìí ò dára, ìyá.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé ẹ mọ ohun tí òfin wí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, bàbá.”

Ó yí padà sí àwòrán náà, ó sì ṣí fìlà tirẹ̀ lórí, ó dì í mú sáyà bí ẹni tó dúró létí ibojì. Àwọn méjì yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ní kí ó tó di ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́, nínú oṣù kọkànlá, kí ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì. Wọ́n ní àwọn á gbé àwòrán náà kọ́ sí yàrá ìpàdé ẹgbẹ́, orúkọ Arnout ni wọ́n á sì kọ sábẹ́ rẹ̀.

Mo bá a jà nígbà tí wọ́n lọ. Mo pè é ní òmùgọ̀, mo pè é ní olórí kunkun, mo sunkún. Ó ní kí n bá òun di ẹrù.

Èmi náà tún mú kólòbó mi, mo padà sí ilé mọ́kànlá náà. Mo ní irọ́ ni mo pa fún yín, ojú Arnout dá ṣáká. Ẹ ò mọ bó ṣe nira tó láti ta òótọ́. Ìyá kan lọ́jà ẹja ní, “Arnout wo?” Òmíràn ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé etí rẹ̀ ló di. Mo ṣì ń sọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì gbọ́ ọ dandan kí wọ́n tó gba òróró.

Ọ̀dọ̀ mi ni Machtelt ń gbé báyìí. Kò lọ sí Zwolle. Àwọn ẹgbẹ́ gbé ọlọ lọ, àmọ́ Bàbá Huybert ló gbà á, ó sì ní ta ni kó máa bá òun lọ àwọ̀ lórí ọlọ náà bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Machtelt ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Bó bá dé, tí mo bá ti tan fìtílà nínú ilé ìdáná, tí ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tán, á dúró sí àgbàlá pẹ̀lú pákó kékeré rẹ̀, nínú òtútù, á máa wò mí láti ojú fèrèsé. Ọwọ́ mi ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ọwọ́.

“Má mira, Hadewij!”

“Ọbẹ̀ á jóná.”

“Jẹ́ kó jóná.”

Lọ́jọ́ kan mo bi í, mi ò mọ ohun tó mú mi bi í. Mo gbójú sókè láti inú ìmọ́lẹ̀ mi, n kò rí i, òkùnkùn ló bo fèrèsé lójú tèmi.

“Machtelt! Fìlà mi, àwọ̀ wo ni?”

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sún mọ́ fèrèsé.

“Bí Arnout ṣe wí ló rí.”